Arden Ń Múra Ọ̀nà Pèpéle Hattie

Ká ní ọkọ mìíràn ni Verda fẹ́ ni, bó ṣe sọ̀rọ̀ yẹn tán nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn ì bá ti gbéra. Arden Whitlock ló fẹ́, Arden kì í sì í jáde nílé láìmúra. Bó bá fẹ́ lọ ra búrẹ́dì nígboro, á kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á yẹ ọ́ìlì wò. Bí òjò bá ṣú sórí òkè tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó, òun á ti wà lágbàlá, á máa fi okùn di tapólì. Ìdí iṣẹ́ ìwakùsà ló ti darúgbó, nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ẹni tí kò bá tún irinṣẹ́ rẹ̀ wò ti máa ń di ẹni à ń gbé jáde. Ẹ má bá a wí. Àbí kẹ́ ẹ tiẹ̀ bá a wí o, èmi ti bá a wí títí, ó ti sú mi.

Ọ̀rọ̀ tí Verda sọ nìyí. Àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìnkùlé, oòrùn ń wọ̀, àwọn àpáta pupa tó yí ìlú ká ń ṣú lọ díẹ̀díẹ̀.

"Arden," ló ní, "irọ́ kọ́ ni dókítà yẹn ń pa. Mò ń gbàgbé. Lánàá mo dúró níwájú sítóòfù, mi ò rántí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe."

"Ta ni kì í gbàgbé? Èmi náà wá awò mi kiri láàárọ̀ yìí, ojú mi ló wà."

"Má fẹnu dídùn tàn mí, ọ̀gbẹ́ni. Mo mọ ohun tó ń ṣe mí. Gbé mi lọ sí Pèpéle Hattie. Mo fẹ́ fojú mi rí i nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí mò ń wò, tí mo sì mọ ẹni tó jókòó tì mí."

Arden di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Màá gbé ẹ lọ. Ṣáà jẹ́ kí n tún ọkọ̀ ṣe díẹ̀."

Ẹ gbọ́ "díẹ̀" yẹn o.

Àpáta kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè odò ni Pèpéle Hattie. Ọ̀nà ọlọ́dà ò dé ìtòsí rẹ̀, ọkọ̀ tí kò bá ní agbára kò lè gùn ún. Ibẹ̀ ni Arden ti sọ fún Verda pé òun fẹ́ fi í ṣaya, tí ọmọbìnrin náà sì ní kó fún òun láyè kí òun kọ́kọ́ gbé kọfí burúkú tó sè fóun mì ná. Láti ọjọ́ náà, ọdọọdún ni wọ́n ń lọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sùn, àfìgbà tí ìbàdí Verda bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ò fi ṣeé sùn mọ́.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ nígbà náà ṣì wà. Jíìpù àtijọ́ ni, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi bọ́tà, ìdí nìyẹn tí Verda fi sọ ọ́ ní Bọ́tà. Ojú rẹ̀ rí róbótó, ó ní iná méjì níwájú, bọ́ńpà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà nísàlẹ̀ wọn tí kò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ohunkóhun. Verda a máa sọ pé ńṣe ni Bọ́tà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bọ́ńpà tẹ́ẹ́rẹ́ yìí náà ni wọ́n fi ń lọ Hattie, tí wọ́n fi ń bọ̀, láti ìgbà èwe wọn. Kí lẹ tún fẹ́ kí n wí?

Àmọ́ àrùn kan ń ṣe àwọn èèyàn ìlú yẹn, gbogbo wọn ló sì ń ṣe. Ní ọ̀dọ̀ wọn, ọkọ̀ kì í parí. Ẹni tó bá ra jíìpù lónìí, á fi ohun kan sí i lọ́la, ohun tó fi sí i á sì béèrè òmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á to ọkọ̀ sí iwájú ilé ara wọn, wọ́n á dúró yí i ká, wọ́n á máa na ìka sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń bẹ níbẹ̀ tí ọkọ̀ wọn ti di odi irin, tí kò sì tíì tẹ iyanrìn rí. Kò sẹ́ni tó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara òun náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni Arden ṣe gbé Bọ́tà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Garth, ẹni tí wọ́n jọ wa kùsà nígbà kan, tó ń fi irin sára ọkọ̀ fún àwọn èèyàn báyìí. Garth yí ọkọ̀ náà po, ó ń họ irùngbọ̀n.

"Ọ̀nà Hattie ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́ o. Àgbàrá ti gbá iyanrìn ìdí àkàsọ̀ àpáta ńlá tí ọkọ̀ ń gùn dé òkè yẹn lọ, ó ti ga. Kí la tún ń pe èyí tó wà níwájú ọkọ̀ ẹ yìí? Bọ́ńpà ni àbí ṣéènì ọrùn? Tó bá fi kan àpáta pẹ́nrẹ́n, á ká bíi bébà."

"Kí ni kí n fi síbẹ̀?"

"Irin wà, álúmíníọ̀mù wà. Irin wúwo, àmọ́ tó bá tẹ̀, wàá fi òòlù nà án padà. Ìkejì fúyẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti sán, ó sán nìyẹn."

"Irin."

"Mo ti mọ̀. Tí wọ́n bá ń fi irin rán sòkòtò, ìwọ lo máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá bọ́ sórí irú bọ́ńpà irin tó máa jẹ́. Ọ̀kan wà tó ní irin róbótó lókè nítorí àwọn ìgalà tí ń bọ́ sójú títì. Òmíràn wà tí wọ́n gé etí rẹ̀ méjèèjì sókè, kó lè jẹ́ pé táyà ló máa kọ́kọ́ pàdé àpáta dípò bọ́ńpà. Garth ní eléyìí gan-an ni ti Hattie, àmọ́ kó tó lè wọlé, àfi kí wọ́n fi ayùn gé díẹ̀ nínú ara jíìpù lábẹ́ iná iwájú. Arden ronú sí i títí, ó lọ sílé, ó padà wá, ó tún lọ. Nígbà tó yá ó gbà pé àwọn á gé e.

Káríà, irin tí wọ́n ń di ẹrù lé lórí òrùlé ọkọ̀, náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Arden ní ìyàwó òun kò lè sùn sílẹ̀ mọ́, nítorí náà bẹ́ẹ̀dì alákàpọ̀ gbọ́dọ̀ bá wọn lọ, àti mátírẹ́ẹ̀sì tó nípọn, àti àga, àti omi. Káríà tí wọ́n ń torí rẹ̀ lu ihò sí òrùlé ń bẹ, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ di etí òrùlé mú ń bẹ. Garth kìlọ̀ fún un pé ohun tó bá wúwo kó má gbé e sókè, nítorí bí ọ̀nà bá dagun, ẹrù orí ló ń fa ọkọ̀ ṣubú. Arden wá ń wọn ẹrù kọ̀ọ̀kan kó tó pinnu ibi tó máa wà. Ó gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí òrùlé, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ṣé òní ni?" ni Verda ń bi í láràárọ̀, ọkọ̀ kọ́ ló ń wò, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

"Ó kù díẹ̀, ìyàwó mi."

Garth ní bọ́ńpà tuntun wúwo, tí wọ́n bá dè é, á fa iwájú ọkọ̀ wọlẹ̀. Wọ́n ní kó pààrọ̀ sípíríǹgì ìdí táyà. Sípíríǹgì dé, ọkọ̀ ga sókè, Verda ò lè gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó fi àtẹ̀gùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ti rí i báyìí. Ooru ẹ̀ẹ̀rùn wá dé, kò sẹ́ni tó ń lọ Hattie nígbà ooru. Lẹ́yìn ooru, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá bẹ̀rẹ̀, àgbàrá gba àfonífojì kan. Gbogbo rẹ̀ ló ń dùn mọ́ Arden nínú, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì í.

Janeen, ọmọ wọn obìnrin, wá láti ìlú ńlá, ó bá bàbá rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

"Dádì, ẹ jáde síbí ná. Láàárọ̀ yìí, Mọ́mì fi orúkọ àbúrò wọn tó ti kú pè mí. Kí lẹ tún ń dúró dè?"

"Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n."

"Ogun wo? Ogun ti wọlé, ó ti ń jẹun nínú ilé yín! Ẹ fi ọkọ̀ tí ẹ ní gbé wọn lọ. Tó bá jẹ́ àárín ọ̀nà lẹ dé, àárín ọ̀nà náà ni. Ẹ ṣáà gbé wọn lọ."

"O fẹ́ kí n lọ da ìyá ẹ nù sínú aṣálẹ̀ ni?"

Janeen wò ó títí, ó ní, "Dádì, ẹ̀rù ń bà yín." Ó wọlé lọ.

Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́. Kì í ṣe ti àkàsọ̀ àpáta. Arden mọ̀ pé bí àwọn bá ti lọ Hattie tí àwọn sì ti bọ̀, kò sí àlọ mìíràn mọ́. Ìgbà ìkẹyìn á ti kọjá. Bí ọkọ̀ ò bá tíì parí, ìgbà ìkẹyìn ò tíì dé, Verda ṣì ní ohun kan tó ń retí láti ọwọ́ òun. Abẹ́ ọkọ̀ ló sùn sí tó ń rò ó, omijé ń ṣàn wọ etí rẹ̀, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni.

Títí di ìgbà yẹn, Verda ò tíì ṣi ọkọ rẹ̀ mọ̀. Ó ti gbàgbé orúkọ àwọn ará àdúgbò, ó ti fi iyọ̀ sínú páì tí ó yẹ kó fi ṣúgà sí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá le gan-an, tó bá ń rìn kiri ilé tó ń sunkún, Arden á mú un lọ sínú gáréèjì, á gbé e jókòó síwájú nínú Bọ́tà. Ara rẹ̀ á balẹ̀. Á wo gíláàsì, á wo ọkọ rẹ̀, á ní, "Arden, wa ọkọ̀ náà dáadáa o." Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan.

Ìgbà tí òjò dá, Arden mú iṣẹ́ náà lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kò fẹ́ kí Garth bá òun dì í, àfi iṣẹ́ wẹ́dà nìkan. Àwọn bóòtù tó di bọ́ńpà àtijọ́ mú ti dípẹtà, ó da epo sí wọn, ó sùn, ó jí, ó tún da epo sí wọn kí wọ́n tó gbà láti tú. Ó fi ayùn gé ara ọkọ̀ lábẹ́ iná. Ó fi jáàkì gbé bọ́ńpà irin sókè, ó ń sún un sọ́tùn-ún, ó ń sún un sósì, kò di bóòtù kankan gírígírí títí gbogbo wọn fi wọ ihò wọn tí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dọ́gba. Ó gbé káríà lé òrùlé, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀, ó di tòsì díẹ̀, kó má bàa lọ́. Ó wà á yí ìgboro ká, ó padà wálé, ó tún gbogbo rẹ̀ dì. Ó kun bọ́ńpà àti káríà ní ọ̀dà dúdú. Iṣẹ́ náà dára. Kò sí mẹkáníìkì tó lè tọ́ka sí àbùkù kan níbẹ̀.

Gbogbo ìgbà tó ń ṣe é, kò gbé Verda wọ gáréèjì, nítorí irin gbígé àti òórùn ọ̀dà. Verda náà ò béèrè mọ́ pé ṣé òní ni.

Òwúrọ̀ ìgbà ìwọ́wé kan ni wọ́n fẹ́ gbéra. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Garth wá láti kí wọn. Arden wa ọkọ̀ jáde sí iwájú ilé, ó lọ mú ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Verda ti wọ kóòtù, ó gbé báàgì rẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó rí ọkọ̀ náà, ó dúró.

"Ọkọ̀ ta nìyí?"

"Bọ́tà ni. Ọkọ̀ wa."

Ó wo káríà dúdú tó gun òrùlé, ó wo bọ́ńpà. "Rárá o. Bọ́tà máa ń rẹ́rìn-ín. Eléyìí ń yọ eyín."

"Verda, Bọ́tà ni. Èmi ni mo tún un ṣe."

Obìnrin náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó wo ojú rẹ̀, ó tún wò ó. "Ẹ má bínú, bàbá. Mi ò lè bá yín lọ. Ọkọ mi ló ń bọ̀ wá gbé mi. Pèpéle Hattie là ń lọ. Ó ní òun kàn ń tún ọkọ̀ ṣe díẹ̀ ni."

Arden na ọwọ́ sí i. Verda figbe ta, gbogbo ajá àdúgbò ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Arden sún sẹ́yìn kíá. Verda lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ó kọjú sí títì, ó ń retí.

Arden wo iwájú ọkọ̀ tó fi ayùn gé. Kò sí ibi tí bọ́ńpà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn fẹ́ di mú mọ́, bó tiẹ̀ lọ gbé e jáde. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó fi orí lé irin, ó sunkún bí ọmọdé. Garth sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ lu bọ́ńpà náà, ó ní, "Ó dúró dáadáa, ọ̀rẹ́ mi." Nígbà tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nígbà tó pẹ́, Arden dìde. Ó fi omi ẹ̀rọ fọ ojú. Ó ṣí fìlà, ó lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ọ̀gá Arden ló rán mi sí yín. Wọ́n ti ṣáájú lọ sí Pèpéle Hattie. Wọ́n ní kí n máa gbé yín bọ̀."

Ojú Verda là. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé kò ní já mi kulẹ̀!" Ó di èjìká rẹ̀ mú, ó tẹ àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó wọnú rẹ̀. "Ẹ̀yìn ni màá jókòó o, bàbá. Ẹ má bínú. Ọkọ mi máa ń jowú."

Ó sọ̀rọ̀ títí ọ̀nà ọlọ́dà fi tán. Ó ń sọ fún dírẹ́bà nípa ọkọ rẹ̀. Ó ní olóríkunkun ni, kò mọ kọfí sè, kò lè jáde láìyẹ ọ́ìlì wò, ṣùgbọ́n tó bá ti ní òun á ṣe nǹkan, á ṣe é. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀, mà."

"Èèyàn rere ni. Ẹ sún mọ́ ọn."

Wọ́n dé ìdí àkàsọ̀ àpáta ńlá. Táyà ló kọ́kọ́ pàdé òkúta, bí Garth ṣe wí. Bọ́ńpà ò kan nǹkankan. Sípíríǹgì gbé wọn, ọkọ̀ gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, káríà ò dún, omi ò dànù, Verda ò tiẹ̀ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró. Kò sí ohun kan tí Arden ṣe sí ọkọ̀ yẹn tí kò ṣiṣẹ́. Ó di sítíárìn mú gírígírí bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ nínú títí wọ́n fi dé òkè.

Odò wà nísàlẹ̀, ó ń tàn. Verda sọ̀ kalẹ̀. Kò wo odò. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn lọ wo ẹ̀yìn àwọn òkúta ńlá.

"Arden! Arden o!"

Àpáta dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kò jìnnà sí i rárá.

"Ẹ ní ó wà níbí."

"Ó wà níbí, mà."

"Níbo?"

"Verda. Wò mí. Wo ojú mi dáadáa."

Ó wò ó. Ó gbìyànjú, èèyàn lè rí i pé ó gbìyànjú. Ó wá sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó fa kóòtù rẹ̀ mọ́ra. Arden tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún un, kò sún mọ́ ọn. Ó gbé àga fún un sí ibi tí wọ́n máa ń jókòó sí, Verda jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀. Arden jókòó sórí òkúta lápá ibòmíràn kí ẹ̀rù má bàa bà á. Oòrùn yí sí apá ìwọ̀ oòrùn, atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú àfonífojì gòkè wá.

"Ọkọ mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi tẹ́lẹ̀," ni Verda wí. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ gan-an. "Bàbá, àbí ó ti gbàgbé mi ni?"

"Kò gbàgbé yín, mà. Kò gbàgbé yín rárá."

"Ẹ̀yin ò lè mọ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi padà sílé. Ó ní láti jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni ọkọ mi gbà. Tó bá délé tí kò bá mi níbẹ̀, á ronú. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá gbé."

"Ó dáa, mà," ni Arden wí, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un.